Bí A Ṣe Ń So Iná Rọ̀ Sókè Àpótí Ẹja Omi Iyọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì wa nípa àpótí dígí tó ń sin ẹja òkun sí. Ó ní, "Iná náà já bọ́ sínú omi." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé iná tí a fi ń dáná ló ń wí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Iná tó ń tànmọ́lẹ̀, iná tó ń jóni, iná tó ń gbéni, ọ̀rọ̀ kan náà ni lédè wa, gbogbo wọn ló sì pé sórí àpótí yẹn. Orí ló yọ ọ́ pé kò tíì ti ọwọ́ bọ omi.

Mo bi í pé kí ló fi kọ́ ọ. Ó ní ìkọ́ kékeré kan tí òun dé mọ́ àjà ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, àjà tí ẹ ń wò yẹn kò ju pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì lọ. Igi tó gbé e dúró ló lágbára, ìyẹn sì fara pamọ́ lókè. Àlàfo ínǹṣì 16 ló sábà máa ń wà láàárín igi kan sí èkejì. Ẹ fi ọwọ́ kan àjà kó kó: ibi tó bá dún gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀ ṣófo ni, ibi tó bá dún kí ni igi wà. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré náà á lẹ̀ mọ́ ìṣó tó wà lára igi. Inú igi yẹn ni kí ìkọ́ wọ̀. Ẹ lo ìkọ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dá gbé gbogbo ẹrù náà bí èkejì bá já. Ẹni tó ń háyà ilé, tí onílé ò jẹ́ kó lu àjà, kó lo irin tí wọ́n ń dè mọ́ àpótí tàbí férémù tó dúró nílẹ̀.

Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan, iyọ̀ yìí ló jẹ́ kí iná mànàmáná máa rìn nínú rẹ̀ fàlàlà. Omi tún máa ń ta sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbẹ, iyọ̀ á kù, ẹ ó rí i tó funfun lára iná, lára wáyà, títí dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń jẹ irin. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà. Ẹ máa yọ iná kúrò lára ògiri, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu iyọ̀ náà lóòrèkóòrè.

Ti wáyà rọrùn, síbẹ̀ òun ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tó wá gòkè wọ inú rẹ̀. Omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára wáyà á kán sílẹ̀ níbi tó rọ̀ yẹn, kò ní dé ojú iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní GFCI. Ó ń wo iye iná tó jáde àti iye tó padà wálé. Tí ìyàtọ̀ bá tó nǹkan bíi mílíámpíà 5, á pa iná kíá. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má sọ pé fólítì 120 kéré sí 230 ti Nàìjíríà o. Ó tó pa èèyàn.

Ó ku bí iná ṣe máa ga tó. Ọ̀pọ̀ ń fi ínǹṣì 8 sí 12 sáàárín iná àti omi, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé tó bá iná yín wá. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun ẹ̀dá òkun kan ni, ìbátan rẹ̀ ló wà láàyè nínú àpótí yìí. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ń gbé nínú ara rẹ̀, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewé ti ń ṣe, iyùn náà sì ń jẹ níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá le jù lójijì, iyùn á lé wọn jáde, á sì funfun báláú. Torí náà, tí iná bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ gbé e ga sókè, kí ẹ wá máa rọ̀ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.