Ta Ló Ni Fóònù Ilé?

Oṣù Kejì ọdún 2020 ni àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà. Nígbà tí oṣù Kẹta fi máa parí, gbogbo ilé-ìwé ti wà ní títì. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn, àwọn ilé-ìwé aládàáni tó rí jájẹ sì kó lọ sórí Zoom àti WhatsApp. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tún ṣílẹ̀kùn: àwọn ọmọ SS3 ló kọ́kọ́ wọlé l'Ékòó, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ àbúrò wọn ṣì wà nílé. Báyìí ni apá kan ẹ̀kọ́ ṣe wà ní kíláàsì, tí apá kejì wà nílé. Tèmi ni pé nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gá ilé-ìwé tó ronú ẹ̀rọ kankan, kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ní ìparí ọdún yẹn, UNICEF àti ITU, àjọ àgbáyé fún ìbánisọ̀rọ̀, kéde pé nínú ọmọ mẹ́ta lágbàáyé, méjì ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé. Ẹ tilẹ̀ jẹ́ ká wo ilé tó ní fóònù. Ìyá ló ni ín, ó sì ti gbé e lọ sọ́jà láàárọ̀. Aago mẹ́wàá ni tíṣà fi iṣẹ́ ìṣirò ránṣẹ́. Nígbà tí ìyá máa fi wọlé lálẹ́, dátà ti tán, iná kò sì sí. Wọ́n á ní ọmọ náà kò ṣe iṣẹ́. Ọ̀gá tó bá ti kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé fóònù ta ni, ìgbà wo ló ń délé, àti pé rédíò wà níbẹ̀ tàbí kò sí, yóò mọ̀ pé alẹ́ ló yẹ kí iṣẹ́ yẹn lọ. Yóò sì mọ àwọn tí kò ní ìkankan, tó yẹ kó tẹ iṣẹ́ sórí bébà fún. Ẹ má fojú kéré rédíò: ní Sierra Leone, òun ni wọ́n fi kọ́ ọmọ nígbà tí Ebola ti ilé-ìwé pa ní 2014. Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n tún padà sí i.

Ẹnìkan lè sọ pé rédíò kì í gbọ́ ìbéèrè. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí ọmọ bá wá sí kíláàsì fi ṣeyebíye. Kí tíṣà má fi ọjọ́ náà kọ nóòtì sójú pátákó. Ìbéèrè àti àtúnṣe ni kó fi ṣe. Àwọn mìíràn á ní Alausa, ibùjókòó ìjọba Èkó, ló ń pàṣẹ, ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba kò ní owó lọ́wọ́. N kò jiyàn: iná, dátà tíṣà àti rédíò ọmọ tálákà, ọrùn ìjọba ló wà. Ṣùgbọ́n ta ní Alausa ló mọ aago tí ìyá ọmọ kan ń ti ọjà dé?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ má dúró de àrùn mìíràn. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹ béèrè nípa fóònù àti rédíò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí wọn kò bá béèrè, ẹ sọ fún wọn.