Àwọn Tí Ń Kó Ẹ̀yà Ara Rédíò Àtijọ́ Pamọ́

Àwọn kan wà ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà tí wọn kì í ju ohunkóhun tí a tú lára rédíò nù. Kì í ṣe iṣẹ́ oòjọ́ wọn, wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àpótí a kún abẹ́ ibùsùn, ìyàwó a máa ráhùn, ọkọ a ní, “Ó lè wúlò lọ́jọ́ kan.”

Ǹjẹ́ ó lè wúlò lóòótọ́? Ẹ jẹ́ kí a tú àpótí náà wò.

Fáàfù ni ti àkọ́kọ́. Ó dà bí gílóòbù iná, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. John Ambrose Fleming ni ó ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1904. Lẹ́yìn tí tiransísítọ̀ dé ní 1947, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn onírédíò pa fáàfù tì. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọ inú rẹ̀, fáàfù tí a kò lò rí lè wà nínú páálí fún àádọ́ta ọdún, kí ó sì ṣiṣẹ́ bí tuntun.

Kapásítọ̀ olómi kò rí bẹ́ẹ̀. Alumínọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká bí ẹní ni ó wà nínú agolo rẹ̀, pẹ̀lú oògùn olómi. Òun ni ó ń mú kí iná ṣàn déédéé. Bí ó bá bàjẹ́, rédíò a máa kùn bí oyin. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, omi rẹ̀ ń gbẹ. Bí a bá tan iná sí i lójijì, ó lè gbóná kí ó sì bẹ́.

Ti tiransísítọ̀ AF117 ni ó yà mí lẹ́nu jù. Tánganran ni wọ́n fi bo inú agolo rẹ̀, tánganran náà a sì máa hu irun tín-ín-rín, àní nínú páálí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn! Ọjọ́ tí irun náà bá kan ohun tí ó wà láàárín, ó parí.

Nítorí náà, bí rédíò onífáàfù bàbá yín àgbà bá wà lórí àjà, ẹ má ṣe kàn kì í bọ iná. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ń tún rédíò ṣe, kí ó kọ́kọ́ yẹ kapásítọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fọwọ́ kan inú rẹ̀ rárá: kapásítọ̀ lè di iná mú síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Bí ó bá sì jẹ́ fáàfù ni ó kú, ó lè jẹ́ abẹ́ ibùsùn ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń ráhùn yẹn ni a ó ti rí òmíràn.