Tẹlifíṣàn Tuntun fún Màámi: Èwo Ló Ṣe Pàtàkì Nínú Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Páálí?

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣàn èyíkéyìí ní Iléṣà, kẹ́ ẹ ka ara páálí: 4K, HDR, 200 Hz, "contrast" mílíọ̀nù kan sí ẹyọ kan. Irọ́ kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ wọn ò sọ ohun tí ojú yín máa rí fún yín. Mo nídìí tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Màámi ní Ẹ̀sà-Òkè kó owó àjọ wọn fún mi pé kí n bá àwọn ra tẹlifíṣàn. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn. Owó yẹn ò ní èkejì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí 4K bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ọlọ́jà máa kọ́kọ́ kéde. Ẹ̀kán tíntìntín tá à ń pè ní pixel ló kóra jọ di àwòrán. Full HD ní 1,920 níbùú àti 1,080 lóòró, bíi mílíọ̀nù méjì lápapọ̀. 4K jẹ́ 3,840 lọ́nà 2,160, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ojú tó dá ṣáká kò lè ya ohun tó kéré ju ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan sọ́tọ̀. Tẹlifíṣàn 43 íǹṣì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 95. Pín in sí 1,920, pixel kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà. Tẹ́ ẹ bá wá ṣírò ó, bẹ́ ẹ bá ti jìnnà ju mítà 1.7 lọ, ojú yín ò lè mọ ìyàtọ̀ pixel kan sí èkejì mọ́. Mo fi téèpù káfíńtà wọn àga Màámi dé ara ògiri: mítà 2.7. Níbẹ̀, owó tá a bá fi kún un torí 4K ti wọgbó, kódà fún ojú ọmọ ogún ọdún.

Ọmọkùnrin tó ń tajà ò gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ayé ti kọjá Full HD o. 4K ni kẹ́ ẹ mú."

"Àbúrò, kí la fẹ́ máa fi í wò?"

"Díkódà yín náà ni."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì orí díkódà olówó pọ́ọ́kú ò ju 720 lọ́nà 576 lọ, ìyẹn pixel 414,720. (576 yẹn ti pẹ́ láyé: inú ètò onílà 625 ló ti jáde, ètò ayé èriàlì orí òrùlé.) Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ogún, 8,294,400 lẹ máa rí, 4K gẹ́lẹ́. Nínú gbogbo pixel ogún, ẹyọ kan ló ti iléeṣẹ́ wá. Mọ́kàndínlógún yòókù, tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ ló ń méfò wọn. Àwọn kan mọ̀ ọ́n méfò dáadáa, àmọ́ ẹ máa sanwó rẹ̀.

Èmi, dúdú ni mo gbájú mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní LED TV, LCD ni, iná LED kàn wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Iná yẹn ń tàn ṣáá; kírísítálì iwájú rẹ̀ ló ń ṣí tó ń tì bíi fèrèsé lúfà. Bó tiẹ̀ tì pa, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ́ jáde, ìdí nìyẹn tí òru inú fíìmù fi ń rí bí eérú. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní VA sábà máa ń dé 3,000 sí 1. IPS kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 sí 1 lọ. Mílíọ̀nù kan ti ara páálí ńkọ́? Wọ́n dín iná ẹ̀yìn kù kí wọ́n tó wọn dúdú, wọ́n tún tàn án gbòò kí wọ́n tó wọn funfun. Bẹ́ẹ̀, béèyàn ṣe ń dàgbà ni agbára ojú láti ya eérú kúrò lára dúdú ń dín kù.

VA ní àléébù tiẹ̀: ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí i tí àwọ̀ ń ṣá. Ilé tí gbogbo àdúgbò ti ń wá wo bọ́ọ̀lù, IPS ni kí wọ́n rà. Àga kan ni Màámi ní, ó sì dojú kọ ògiri. Páálí kì í sábà kọ èyí síta, torí náà ẹ ní kí wọ́n tàn án, kẹ́ ẹ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó.

HDR ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó lágbára. Tẹlifíṣàn tí ò ju nit 250 lọ lè gba àmì rẹ̀, kò lè fi í hàn. 200 Hz, ẹ gbójú fò ó.

Iná ló kù. Bátìrì ìnfátà 12V, 100Ah, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ kó má bàa tètè bà jẹ́, á fún yín ní nǹkan bíi 600 wáàtì-wákàtí. Tẹlifíṣàn àti díkódà tó ń jẹ wáàtì 85 á lo wákàtí méje. Èyí tó ń jẹ 150, mẹ́rin péré, láìtíì yọ èyí tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ni wọ́n ń kọ iye wáàtì sí.

A mú Full HD, VA, 43 íǹṣì. Lẹ́tà ojú rẹ̀ fi ìdá mẹ́ta tóbi ju ti 32 tí Màámi ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tá a gbé e délé, mo yọ ọ́ kúrò ní Vivid, mo fi í sí Movie, mo sì fa Sharpness wálẹ̀, torí ìlà funfun ló kàn ń fà sétí nǹkan. Màámi ní kí n fi rìmóòtù sílẹ̀ báyẹn: àwọn ti ń ka ọ̀rọ̀ tó ń sáré lọ nísàlẹ̀ ìròyìn láì dìde lórí àga.