Ayò Lẹ́tà: Bí A Ti Ń Ta Scrabble, àti Bí A Ṣe Lè Ta Á ní Èdè Yorùbá

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ọgbọ́n ni a fi ń ta ayò. Ihò 12, ọmọ 48, ọ̀ta níhìn-ín, ọ̀pẹ lọ́hùn-ún: ohun àjogúnbá wa ni. Ayò mìíràn wà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà ni ọmọ rẹ̀. Òun ni a ń pè ní Scrabble. Alfred Butts, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é láàárín ọdún 1930 sí 1940. Ọdún 1948 ni ó gba orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí.

Ẹni méjì títí dé mẹ́rin ni ó lè ta á. Ọpọ́n rẹ̀ ní ojúlé 225, 15 ní ìbú, 15 ní òró. Ègé pẹlẹbẹ 100 ni ọmọ rẹ̀, inú àpò ni wọ́n sì wà. Lẹ́tà àti iye máàkì wà lára 98. Méjì tí ó kù ṣófo, wọ́n sì lè dúró fún lẹ́tà tí ó bá wu ẹni. Olúkúlùkù yóò mú ọmọ 7 láìwo inú àpò. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bo ojúlé àárín. Ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ kan èyí tí ó wà nílẹ̀, ibi gbogbo tí lẹ́tà bá sì ti kan ara wọn gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀. Àwọn ojúlé kan a máa sọ máàkì di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá lo ọmọ 7 lẹ́ẹ̀kan náà gba 50 lé e. Bí a bá ṣe iyè méjì sí ọ̀rọ̀ kan, ìwé atúmọ̀ èdè ni adájọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ gígùn ni ó ń borí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní ní àgbáyé nínú ayò yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A mọ àwọn ọ̀ta Nàìjíríà mọ́ ọ̀rọ̀ kúkurú: wọn a fi lẹ́tà tí ó dára pamọ́ di ìgbà mìíràn, wọn a sì dí ọ̀nà mọ́ alátakò.

Ǹjẹ́ a lè ta á ní Yorùbá? Bí a bá gbé ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wàhálà dé. Ọmọ 7 ni kò wúlò fún wa rárá: C méjì, V méjì, Q, X àti Z. Ẹ, Ọ, Ṣ àti GB kò sì sí níbẹ̀. Láìsí Ẹ, ta ni yóò ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀? Butts ka lẹ́tà inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó pín iye fún wọn. Àwa náà ní láti ka tiwa. Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Ọmọdé náà lọ sí oko láti já ewé.” Lẹ́tà 24 ni, fáwẹ̀lì jẹ́ 14 nínú wọn, ó ju ìdajì lọ. Nínú ọmọ 98 ti Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì kò ju 42. Ní ti GB, kí ó wà lórí ọmọ kan ṣoṣo, bí CH àti LL ti wà nínú ti èdè Sípéènì.

Àmì ohùn ńkọ́? Fáwẹ̀lì 7 ní ọ̀nà ohùn mẹ́ta di oríṣi 21. Ọpọ́n yóò há. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ wà láìní àmì, kí ẹnu sì gbé ohùn náà. Ẹni tí ó bá to O̩KO̩ gbọ́dọ̀ pè é ketekete, kí ó sì sọ bóyá ọkọ́ tí a fi ń roko ni tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní máàkì. Bí ẹnì kan bá sì to ILẸ̀, ẹlòmíràn lè fi KẸ̀ kún un kí ó di ÌLẸ̀KẸ̀, kí ó sì gba máàkì gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ní Alímọ̀ṣọ́, ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ilẹ̀ Àwórì tí ènìyàn láti ìlú gbogbo ti wá tẹ̀dó sí, a ń rí ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó fi àmì sí lábẹ́ lẹ́tà. Ìbáwí nìkan kò lè wo èyí sàn. Olùkọ́ lè pín ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kíkà fún àwọn ọmọ kíláàsì, kí wọ́n ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan farahàn, kí wọ́n pín 98 ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀, kí lẹ́tà tí ó ṣọ̀wọ́n gba máàkì púpọ̀, kí wọ́n sì gé páálí sí ègé 100. Kí ọpọ́n tó délẹ̀, wọn yóò ti kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́.