Àpótí Ẹja inú Yàrá Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí wa, ẹni tó bá wọ yàrá sáyẹ́ǹsì lọ́jọ́ àjọ̀dún yóò bá àpótí ẹja onígíláàsì, tí ọ̀wọ́ tiwa fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ ní ogún ọdún sẹ́yìn, lófìfo. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n má tíì rọ omi sí i.

Kì í ṣe pé ó ń jò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pàdé mi gan-an nìyẹn: “Baba, kò kúkú jò.” Ṣùgbọ́n sílíkóònù igun inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti ń ṣí, gíláàsì ìdábùú tó wà lókè láàárín sì ti tú lápá kan. Ẹrù ìwé ni a bá lórí rẹ̀. Mo fi rúlà gbọọrọ ti gíláàsì iwájú, mo rí i pé ó ti yọ ikùn síta.

Àpótí náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Bí ó bá kún, lítà 270 ni, ìyẹn kílógíráàmù 270, tó ju àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún lọ. Omi kò kàn jókòó sórí ìdí àpótí, ó tún ń ti ẹ̀gbẹ́: gíláàsì iwájú nìkan ń gba agbára tó tó ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Ìdábùú ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n má baà yà. Bí ó bá tú, oríkèé igun ni yóò máa ru ìnira náà, títí di ọjọ́ tí kò ní lè rù ú mọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ló sì máa ń fi imú kan gíláàsì náà.

A kó àwọn epìà sínú dúrọ́ọ̀mù, a fa omi dànù, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ fá a, ní pẹ̀lẹ́bẹ́ mọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ gan-an nìyí. Ìyókù, eré ni. Sílíkóònù tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ èyí tó ti gan. Nítorí náà a kì í lẹ̀ ẹ́ lé ti àtijọ́ lórí, a kì í sì í tún igun kan ṣoṣo ṣe, nítorí ibi tí tuntun bá ti pàdé àtijọ́ ni omi yóò gbà. Gbogbo ti etí inú ni kí ó kúrò. Èyí tó wà láàárín gíláàsì méjì, tó so wọ́n pọ̀, ni abẹ kò gbọdọ̀ kàn. Ẹni tó bá gé e ti tú àpótí palẹ̀. Asitóònù tàbí sípíríìtì kì í yọ́ sílíkóònù tó ti gan, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ló ń nù kúrò. Ìka la fi ń mọ èyí tó kù: bí ìka bá ń yọ̀, ó ti mọ́, bí ó bá ń fà, ẹ padà sídìí abẹ. Wákàtí mẹ́fà ló gbà wá.

Gíláàsì tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ ni a gé fún ìdábùú, a sì lọ etí rẹ̀. A lẹ̀ ẹ́ nígbà tí àpótí ṣófo, tí ikùn iwájú ti wọlé. Ẹ ra sílíkóònù tó mọ́, irú èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí igun dúdú, oògùn náà sì lè pa ẹja.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, láti etí wọ inú, nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3 lójúmọ́. Ti igun kò pẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìdábùú, ibi tí gíláàsì ti bo gíláàsì fẹ̀ tó mìlímítà 40. Bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, yóò rin 20 kí ó tó dé àárín: ó kéré tán, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a óò bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ní ìta gbangba, pẹ̀lú ìwé ìròyìn gbígbẹ lábẹ́ rẹ̀, fún ọjọ́ méjì. Àjọ̀dún sì ku ọjọ́ mẹ́fà nígbà tí a lẹ̀ ẹ́ tán.

Ìgbìmọ̀ ní òórùn ọtí kíkan ti lọ. Òótọ́ ni, etí ti gan. N kò gbà síbẹ̀. Àwọn epìà wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn yàrá náà. Bí ẹ bá béèrè, wọn yóò ṣí i fún yín.