Àdéhùn Tí Kò Ṣẹ

Ní Èjìgbò, ẹni tí ó ti retí lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láti Àbíjàn rí mọ bí ìdúró ti ń dun ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn òyìnbó Ọsirélíà ní ọdún 1857.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ṣe àdéhùn láti máa kó lẹ́tà lọ sí Ọsirélíà. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ £185,000 lọ́dún. Àwọn ìjọba Ọsirélíà bá wọn san ìdajì.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń bàjẹ́, lẹ́tà ń pẹ́. Ọdún méjì kò pé tí gbèsè fi da ilé-iṣẹ́ náà wó. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ P&O ní 1859.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ kà á dáadáa. Bí iṣẹ́ kò bá ṣe, ta ni yóò ru òfò? Bí ìwé kò bá sọ ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.