Koríko Tí Krómósómù Rẹ̀ Kò Dúró Sójú Kan

Krómósómù ni fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá ohun abẹ̀mí. 46 ni ti ènìyàn. Ẹyọ kan péré tó bá lé sábà máa ń fa àìlera. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi lè rò pé àléébù ni kí iye krómósómù máa yàtọ̀ láàárín koríko ìgbẹ́ tó bá àlìkámà tan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méje-méje ni ìdílé yìí ń di tirẹ̀: Agropyron cristatum lè ní 14, 28 tàbí 42, Thinopyrum ponticum ní 70. Odidi ìdì ló ń pọ̀ sí i, nítorí náà àbùdá kò pàdánù ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́, òmíràn wà. Àlìkámà búrẹ́dì gan-an, tó ní 42, inú koríko mẹ́ta tó dàpọ̀ ló ti wá.

Nígbà tí a bá da koríko wọ̀nyí pọ̀ mọ́ àlìkámà láti mú àbùdá rere wọ inú rẹ̀, àwọn kan á ní irúgbìn àdàlù máa ń yàgàn. Òótọ́ ni, ó sì ń dá iṣẹ́ dúró gidigidi. Ẹ̀yà krómósómù àjèjì tún máa ń kó ohun tí a kò fẹ́ wọlé: Sr26, àbùdá tí wọ́n mú lára T. ponticum, kọ́kọ́ dín ìkórè kù. Àwọn onímọ̀ gé ẹ̀yà náà kúrú, wàhálà náà sì rọlẹ̀. Sr26 yìí ń dènà Ug99, àrùn ìtì àlìkámà tí wọ́n rí ní Uganda ní 1998, èyí tó borí Sr31, àbùdá ìdènà mìíràn tí àgbẹ̀ púpọ̀ gbójú lé. Níwọ̀n bí koríko ìgbẹ́ ti lè ní irú àbùdá bẹ́ẹ̀, kò tó kí ilé ìpamọ́ irúgbìn fi àpẹẹrẹ kan ṣojú A. cristatum: oní-14, oní-28 àti oní-42, gbogbo wọn ló yẹ ní pípamọ́.